Èso Kan, Ọtí Méjì: Riesling ti Mosel àti ti Alsace

Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, òun ní í sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Oko baba ẹlòmíràn ni mo fẹ́ mú yín lọ lónìí. Oko náà jìnnà, èso inú rẹ̀ kò sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n mo gbà pé a óò bá ohun kan bọ̀ níbẹ̀ tí yóò wúlò fún wa nílé. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tí kì í mu ọtí: n kò pe ẹnikẹ́ni wá mutí. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ. Ẹlẹ́rìí tí mo pè ni ọtí jẹ́ nínú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èdè Faransé àti èdè Jámánì ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Ní ọdún tó kọjá, olùkọ́ wa kan tó ń kọ́ wa ní èdè Jámánì ti ìrìn-àjò Yúróòpù dé, ó sì mú ìgò wáìnì funfun méjì bọ̀. Ó pe àwa mẹ́rin tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹ̀kọ́ wa sí ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ wa ní èdè Faransé pẹ̀lú. Ìgò méjèèjì ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ọrùn wọn gùn bí ọrùn lékeléke. Riesling ni orúkọ tí a kọ sára méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti àfonífojì odò Mosel ní ilẹ̀ Jámánì wá, èkejì sì ti agbègbè Alsace ní ilẹ̀ Faransé wá.

Wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ fún wa kí á tọ́ ọ wò. Ti Mosel dùn. Ó fúyẹ́ lẹ́nu, ó sì kan díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú oyin. Ti Alsace kò ní adùn ṣúgà rárá; ó le, ó gbóná lọ́fun, ìtọ́wò rẹ̀ sì pẹ́ lẹ́nu. Òórùn wọn nìkan ló jọra. Ìwọ̀nba tí mo tọ́ wò yìí ni mo fi di onímọ̀ lójijì. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá wa, orúkọ Jámánì ni Riesling. Ti Jámánì yìí ni ojúlówó, ayédèrú ni ti Faransé."

Olùkọ́ wa tó ń kọ́ni ní Faransé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ ibo ni ìyá rẹ?"

Mo ní, "Ọmọ Kétu ni wọ́n, sà."

"Kétu tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lọ́hùn-ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Baba rẹ ńkọ́?"

"Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n, sà."

"Ó dára. Nínú Yorùbá tí ìyá rẹ ń sọ àti èyí tí baba rẹ ń sọ, èwo ni ayédèrú?"

Gbogbo ilé dákẹ́. N kò rí ohun kan sọ. Ó wá ní kí n lọ wádìí ohun tó sọ èso kan ṣoṣo di ọtí méjì, kí n tó tún fẹnu kan ọ̀rọ̀ ojúlówó níbikíbi. Ohun tí mo rí ni mo kọ síhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ara èso náà. Irú èso àjàrà funfun kan ni Riesling. Àkọsílẹ̀ tó lọ́jọ́ lórí jù lọ nípa rẹ̀ ni ìwé owó kan tí a kọ ní 1435 ní Rüsselsheim, ìlú kan tó wà létí odò Main, kò jìnnà sí ibi tí odò náà ti wọ inú odò Rhine. Ìdílé ọlọ́lá ti Katzenelnbogen ló ni ìwé náà, wọ́n sì kọ owó tí wọ́n fi ra ọ̀gbìn Riesling fún ọgbà àjàrà wọn sínú rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ni èso yìí fi ń tàn ká ẹ̀bá odò Rhine àti àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀.

Riesling wà lára àwọn àjàrà funfun tí à ń yìn nítorí òórùn wọn. Òórùn náà kò ti ara igi àgbá wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ẹnì kan fi nǹkan olóòórùn sínú ọtí. Láti ara èso náà fúnra rẹ̀ ni, pàápàá láti ara awọ rẹ̀. Lára èròjà tó ń gbé òórùn náà jáde wà nínú òdòdó rósì pẹ̀lú. Bí Riesling bá sì pẹ́ nínú ìgò, òórùn mìíràn a yọ lára rẹ̀, tó jọ ti kẹrosíìnì. Ẹ má rẹ́rìn-ín; iyì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n mu ka èyí sí.

Báwo wá ni ọ̀kan ṣe dùn tí èkejì kò dùn? Ẹni tó bá mọ ẹmu ti mọ ìdajì ìdáhùn. Ẹmu àárọ̀ dùn, ẹmu alẹ́ le. Ìwúkàrà tí ojú wa kò rí ló ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Bí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà tán, adùn a lọ, ọtí a sì le. Bí ohun kan bá dá a dúró láàárín ọ̀nà, adùn a ṣẹ́ kù, ọtí a sì fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti wáìnì. Ìwúkàrà inú ìgò Alsace wa jẹun yó, ti inú ìgò Mosel kò jẹun yó. Nínú ọtí Mosel tó dùn, ìwọ̀n ọtí inú rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 7 àti 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Alsace sábà máa ń tó 12 tàbí 13.

Àwọn Faransé ń pe ọtí tí ṣúgà rẹ̀ ti tán ní *sec*, àwọn Jámánì ń pè é ní *trocken*. "Gbígbẹ" ni ìtumọ̀ méjèèjì. Bí mo bá délé tí mo sọ fún ìyá mi àgbà pé mo mu ọtí gbígbẹ, wọn yóò ní kí wọ́n gbé mi lọ sọ́dọ̀ onísègùn. Nítorí náà, "ọtí tí ṣúgà rẹ̀ tán" ni n ó máa pè é. Ìbéèrè tó kù ni èyí: ta ló dá ìwúkàrà dúró ní Mosel, kí ló sì dé tí a fi jẹ́ kí ó jẹun yó ní Alsace?

Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà lára ilẹ̀. Ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, àwọn òkè kan wà tí à ń pè ní Vosges. Láti ara òkè yìí ni odò Mosel ti ń ṣàn jáde. Ó gba Lorraine kọjá, ó kan ilẹ̀ Luxembourg, ó wọ Jámánì, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlú Trier, ó sì ń lọ́ bí ejò títí tó fi bọ́ sínú odò Rhine ní Koblenz. Ní ìhà kejì òkè kan náà, níbi tí oòrùn ti ń yọ, ni Alsace wà. Òkè náà gba òjò tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ dúró, débi pé Colmar, ìlú tó wà láàárín ọgbà àjàrà Alsace, wà lára àwọn ìlú tí òjò wọn kéré jù lọ ní ilẹ̀ Faransé. Òkè tó bí odò Mosel ni ó ń ṣe agboòrùn fún Alsace.

Ní Mosel, òtútù pọ̀. Kí èso tó lè gbó, etí òkè tó dojú kọ oòrùn ni wọ́n ń gbìn ín sí, etí òkè náà sì dagun púpọ̀. Ní Calmont, nítòsí abúlé Bremm, ó tó ìwọ̀n 65, débi pé ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ibẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ dúdú ló kún ilẹ̀ náà, irú èyí tí a fi ń ṣe síléètì tí àwọn baba wa fi kọ́ A, B, D. Òkúta yìí a gba ooru oòrùn sára lọ́sàn-án, a sì dá a padà fún igi àjàrà lóru. Síbẹ̀, èso náà a gbó tòun ti kíkan rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì ti fún omi rẹ̀ sínú àgbá onígi wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bí 1,000 lítà, òtútù ọ̀gìnnìtìn a wọ inú yàrá abẹ́ ilẹ̀, ìwúkàrà a sì sùn kí ó tó jẹun yó. Ní Alsace ẹ̀wẹ̀, oòrùn pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, èso ń gbó dáadáa, ìwúkàrà sì ń rí ooru ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, n bá ti gbé kálàmù mi sílẹ̀, kí n sọ fún olùkọ́ wa pé ojú ọjọ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n kò mọ síbẹ̀. Ìwúkàrà tó sùn nígbà òtútù lè jí nígbà tí ooru bá dé, kí ó sì parí oúnjẹ rẹ̀. Ní ayé àtijọ́, ọ̀pọ̀ ọtí Mosel ló máa ń pẹ́ nínú àgbá títí ṣúgà rẹ̀ yóò fi tán tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọdún tí oòrùn bá mú gidigidi nìkan ni adùn púpọ̀ ń ṣẹ́ kù. A jẹ́ pé adùn tí mo pè ní ojúlówó yẹn, bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, kò dàgbà tó bí mo ṣe rò. Ìtàn ló mú un wá.

Ẹ jẹ́ kí á wo ìtàn Mosel. Àwọn ará Róòmù ni wọ́n sọ ibẹ̀ di ilẹ̀ wáìnì. Ní 1878, wọ́n rí òkúta ibojì kan ní Neumagen, tí a gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 220, tó ní àwòrán ọkọ̀ ojú omi tí àgbá wáìnì kún inú rẹ̀ àti àwọn atukọ̀ rẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, akéwì Róòmù tí ń jẹ́ Ausonius fi odindi ewì kan yin odò náà. Ṣùgbọ́n Riesling kọ́ ni wọ́n ń gbìn nígbà náà. Àní títí di ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, oríṣiríṣi àjàrà tó ń so púpọ̀ tí kò sì dùn lẹ́nu ló kún ibẹ̀. Ní 1787 ni Clemens Wenceslaus, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tó tún jẹ́ olórí ìlú Trier, pàṣẹ pé kí wọ́n hú àjàrà burúkú, kí wọ́n sì fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀. Báyìí ni Riesling ṣe gba Mosel. Àṣẹ olórí ni, kì í ṣe àdánidá.

Lẹ́yìn ogun Napoleon, ní 1815, Mosel bọ́ sábẹ́ ọba Prussia. Inú àgbẹ̀ dùn, nítorí pé owó ibodè tí Prussia ń gbà kò jẹ́ kí ọtí àwọn ará gúúsù Jámánì wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Wọ́n gbin àjàrà sí i, wọ́n yáwó, wọ́n ra ilẹ̀. Ní 1834, àwọn ìjọba ilẹ̀ Jámánì ṣe àdéhùn láti mú owó ibodè kúrò láàárín ara wọn. Ọtí olówó pọ́ọ́kú ya wọ ọjà bí omi, àgbẹ̀ Mosel sì wọ gbèsè. Ọmọ Trier kan tó jẹ́ ẹni ọdún 24 kọ nípa ìyà wọn nínú ìwé ìròyìn *Rheinische Zeitung* ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843. Orúkọ rẹ̀ ni Karl Marx. Ìjọba ti ìwé ìròyìn náà pa ní ìparí oṣù kẹta ọdún kan náà. Marx fúnra rẹ̀ sọ nígbà tó yá pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ Mosel wà lára ohun tó kọ́kọ́ mú òun bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ètò ọrọ̀ ajé. Ẹ ò rí i pé ọgbà àjàrà lè hu ohun mìíràn yàtọ̀ sí àjàrà!

Ìgbà tó yá, nǹkan yí padà sí rere. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ìgò Mosel tó dára jù lọ ń bá ti Bordeaux dọ́gba ní owó. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ilé-iṣẹ́ Seitz ní Bad Kreuznach ṣe asẹ́ kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ìwúkàrà kò lè gbà á kọjá. Látìgbà náà lọ, ẹni tó ń ṣe ọtí lè dá ìwúkàrà dúró nígbà tó bá wù ú, kí ó sì fi adùn sílẹ̀ láìbẹ̀rù pé ọtí yóò tún máa hó nínú ìgò. Lẹ́yìn ogun tó parí ní 1945, àwọn oníbàárà fẹ́ràn adùn, nílé àti lókè òkun, asẹ́ sì wà láti fún wọn. Ní 1971, ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ṣe òfin wáìnì tuntun tó fi ṣúgà inú omi èso kí ó tó di ọtí ṣe òṣùwọ̀n iyì. Òṣùwọ̀n Oechsle ni wọ́n ń lò: bí lítà kan omi èso bá wọn gíráàmù 1,080, a ó ní ó jẹ́ 80. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń lọ sókè ni orúkọ oyè ń yí padà: *Kabinett*, *Spätlese*, *Auslese*, títí dé òkè. Òótọ́ ni pé ènìyàn lè jẹ́ kí *Spätlese* hó títí ṣúgà rẹ̀ yóò fi tán, ṣùgbọ́n àkàbà iyì náà, orí ṣúgà ni a gbé e tì.

Ẹ jẹ́ kí á kọjá sí ẹ̀yìn òkè wàyí. Nígbà tí ogun ọgbọ̀n ọdún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1618 parí ní 1648, Alsace ti dahoro, igbó ti gba ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà. Àdéhùn 1648 fi púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà sábẹ́ Faransé, Louis Kẹrìnlá sì gba Strasbourg ní 1681. Ṣùgbọ́n èdè tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ nílé, lóko àti lọ́jà, ẹ̀ka èdè Jámánì ni. Fún igba ọdún, ọba Faransé ló ń jẹ, èdè Alsace ni wọ́n ń sọ.

Ní 1871, Jámánì ṣẹ́gun Faransé, ó sì gba Alsace. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń kọ́ èdè Faransé ló ti ka ìtàn kékeré tí Alphonse Daudet tẹ̀ jáde ní 1873 nípa tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ Alsace ní ẹ̀kọ́ Faransé fún ìgbà ìkẹyìn. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Nígbà tí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sọ Faransé nílé wọn rárá, ojú tí mo fi wo ìtàn náà yàtọ̀.

Fún ọdún 47, ìjọba kan náà ló ń ṣe olórí Mosel àti Alsace. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tàbí èdè ló ń sọ bí ọtí yóò ṣe rí, ìgbà yìí ni ì bá ti sọ àwọn méjèèjì di ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọtí Mosel ń lọ sórí tábìlì àwọn ọlọ́lá. Ti Alsace ń lọ sínú àgbá àwọn oníṣòwò tó ń fi í pò mọ́ ọtí mìíràn, tí orúkọ rẹ̀ kì í sì í hàn. Àgbẹ̀ wá ń gbin èyí tó ń so púpọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ọjà fẹ́. Kòkòrò phylloxera tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà tún fi kún ìṣòro wọn.

Ní 1918 Alsace padà sọ́wọ́ Faransé, ọjà Jámánì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wáìnì pọ́ọ́kú kún gúúsù ilẹ̀ Faransé bí òkun. Alsace kò lè bá a du ọ̀pọ̀. Ọ̀nà kan ló ṣẹ́ kù: kí wọ́n hú àjàrà aláìníláárí, kí wọ́n gbin Riesling àti irú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ọtí tí Faransé yóò lè fi jẹun, nítorí pé ìdí oúnjẹ ni Faransé ti ń mu wáìnì. Ọtí tí ṣúgà rẹ̀ tán ló bá ẹja àti adìẹ mu. Iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí Hitler dé ní 1940.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ níhìn-ín. Láàárín 1940 àti 1945, wọ́n fi òfin de èdè Faransé ní Alsace. Wọ́n yí orúkọ òpópónà padà, wọ́n yí orúkọ ènìyàn padà, ẹni tó ń jẹ́ Jean di Hans. Wọ́n fi òfin de fìlà àwọn Faransé. Láti 1942, wọ́n fi ipá kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin Alsace àti ti ẹkùn Moselle tó múlé gbè é wọ iṣẹ́ ológun Jámánì. Wọ́n tó 130,000, ọ̀pọ̀ kò sì padà wálé. Orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n títí dòní ni *malgré-nous*, èyí ni pé "láìfẹ́ wa". Nígbà òtútù 1944 sí 1945, ogun jà láàárín ọgbà àjàrà gan-an ní àyíká Colmar. Ammerschwihr, Bennwihr àti Sigolsheim, tí wọ́n jẹ́ abúlé wáìnì, di òkìtì àlàpà. Ẹni tí a bí ní Colmar ní 1870 tó sì kú ní 1946, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a yí i láti ọmọ orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láìjẹ́ pé ó kó kúrò nílé baba rẹ̀.

Lẹ́yìn ogun, Faransé padà wá, ó sì lé èdè Jámánì kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré fún ìgbà kan. Ní 1945 kan náà ni àṣẹ ìjọba jáde lórí bí a ó ṣe máa ṣe wáìnì Alsace. Ní 1962 ni wọ́n fún un ní oyè àárín àwọn wáìnì Faransé tí òfin dá orúkọ ilẹ̀ wọn mọ̀. Ní 1972 ni òfin ní inú Alsace nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sínú ìgò, inú ìgò gíga tẹ́ẹ́rẹ́ nì. Ẹ kíyè sí i: òfin Jámánì ń wọn ṣúgà, òfin Faransé ń wọn ilẹ̀. Síbẹ̀ Alsace kò sọ ohun gbogbo nù. Níbi tí ọ̀pọ̀ wáìnì Faransé ti ń jẹ́ orúkọ ìlú, orúkọ èso ni Alsace ń kọ sára ìgò bí àwọn ará òdìkejì odò Rhine, àti orúkọ èso Jámánì pàápàá. Ohun kékeré kan ló bọ́. Àjàrà olóòórùn mìíràn wà tí Jámánì ń kọ ní *Gewürztraminer*, tòun ti àmì méjì lórí u. Nígbà tó dé Alsace, àmì méjèèjì jábọ́, ó di *Gewurztraminer*.

Ọ̀rọ̀ àmì yìí rán mi létí ewu tó wà nínú títúmọ̀ ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. *Spätlese* ní èdè Jámánì ni "ìkórè pípẹ́". Wọ́n ń sọ ọ́ pé ní 1775, ìránṣẹ́ tó ń mú àṣẹ ìkórè lọ sí Johannisberg lẹ́bàá Rhine pẹ́ lọ́nà, èso ti ń jẹrà kí ó tó dé, ọtí ọdún náà sì dùn tayọ. Ní 1984, Faransé ṣòfin fún *vendange tardive* ní Alsace. "Ìkórè pípẹ́" ni òun náà. Ṣùgbọ́n èso tí òfin Alsace béèrè fún orúkọ yìí gbọ́dọ̀ gbó ju ti *Spätlese* lọ púpọ̀. Ẹni tó bá gbé ìwé atúmọ̀ èdè nìkan lọ́wọ́ yóò ní ọtí kan náà ni wọ́n, yóò sì ṣìnà.

N kò gbọdọ̀ ṣe àsọdùn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ará Mosel ń ṣe Riesling tí ṣúgà rẹ̀ tán, Alsace náà sì ní ọtí dídùn tirẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to ohun gbogbo jọ, mo rí ìdáhùn tí mo lè gbé tọ olùkọ́ wa lọ. Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ fún ọtí kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Oníbodè, ọjà, ẹ̀rọ, ogun àti òfin ni wọ́n mú un dé ibi tí ó dé. Àwọn ará Mosel sọ kíkan àti òtútù ilẹ̀ wọn di adùn tó fúyẹ́. Àwọn ará Alsace, tí ìjọba kò dúró lórí wọn, wá ọtí tó lè jókòó lórí tábìlì Faransé láìyí orúkọ rẹ̀ padà. Kò sí ayédèrú nínú wọn. Ọmọ ìyá méjì tí a tọ́ nílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Ní ọdún 1889, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣàdéhùn lórí ààlà tó gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Kétu bọ́ sí apá kan, Ìmẹ̀kọ bọ́ sí apá kejì. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ arábìnrin ìyá mi ní Kétu ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ní Adechina. Bí èmi bá fẹ́ kọ ọ́, Adéṣínà ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ orúkọ ara rẹ̀ kọ. Ó máa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tó dákẹ́ tó wo ojú mi, tó ní, "Àbúrò, ṣé orúkọ tí ìyá wa sọ mí kọ́ nìyẹn?" N kò ní èsì nígbà náà.

Nígbà ọdún tó kọjá, mo kọ lẹ́tà sí i. Mo kọ Adechina sí ẹ̀yìn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òun ti ń kọ ọ́, mo sì tọrọ àforíjì fún yẹ̀yẹ́ ìgbà èwe. Ó fèsì ní Yorùbá tí a fi lẹ́tà Faransé kọ. Mo kà á sókè ketekete létí ìyá mi, wọn kò sì ní kí n túmọ̀ gbólóhùn kan.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ ẹnu wa lórí ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ayédèrú, pàápàá àwa tí à ń kọ́ èdè. Níhìn-ín ni n ó ti dánu dúró.